Orúkọ Tó Wà Nínú Fáìlì Kọ́ Là Ń Pè É: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Dókítà Ọpọlọ Ọmọ Yorùbá

Ẹ̀yin dókítà ọpọlọ, ẹ̀yin olùwádìí tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, nílé àti lẹ́yìn odi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ènìyàn. Ẹ̀fọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, nílùú Òṣogbo níbí. Èmi ni mò ń sọ ọ́, Kẹ́hìndé ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Òun náà ló ń wá àwọn ìwádìí tí mo máa mẹ́nu bà, tó ń kà wọ́n, tó ń túmọ̀ wọn fún mi lálaalẹ́ lẹ́yìn tí a bá jẹun tán. Bí mo bá ṣi nǹkan sọ, èmi ni kí ẹ bá wí, ẹ má bá ọmọ wí.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Bí ẹ bá dúró ti ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò mira, tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì mọ ara rẹ̀, orúkọ wo lẹ fi ń pè é, èdè wo lẹ sì fi ń bá a sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mò ń bá bọ̀. Mẹkáníìkì ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Old Garage. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọlọ́kadà kan gbá a lórí títì Gbọ̀ngán, ó forí sọlẹ̀. Èyí kò gba àlàyé, ẹ̀yin lẹ ń rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ 11 ló fi dijú pátápátá. Lọ́jọ́ kejìlá ojú là. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n rọra. À ṣé ojú lílà yàtọ̀ sí kí ènìyàn jí. Ojú ń là láàárọ̀, ó ń pa dé lálẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá dúró síwájú rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá ka orúkọ ọkọ mi fún yín. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní Àkànbí. Ní mọ́sálásí, Mùkáílà ni. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Pẹjó, nítorí kò sí ohun tó ń ṣe Peugeot tí kò mọ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá, ó tán. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, kó tó di pé mo bí ìbejì, "ẹ gbọ́ ná" ni mo fi ń pè é; lẹ́yìn ìbejì ó di Bàbá Ìbejì. Ní ọdún 26 tí a ti jọ wà, orúkọ rẹ̀ gan-an kò jáde lẹ́nu mi rí, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù nílé ìwòsàn. Orúkọ tí wọ́n wá kọ sójú fáìlì gàdàgbà ńkọ́? Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ni, ẹni tó ti wà ní sàréè kí wọ́n tó bí òun. Òun ni wọ́n ń pariwo sí i létí ní gbogbo àárọ̀, "Mister Báyìí! Mister Báyìí!" Bí ẹ bá jí èmi náà lójú oorun, tí ẹ ń fi orúkọ bàbá ọkọ mi pè mí, màá rò pé ẹlòmíràn lẹ ń wá.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ yẹn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó kú, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Dókítà tó ń bójú tó o, ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni. Yorùbá ló fi kí mi: "Ẹ kú ìrọ́jú, Mà." Yorùbá ló fi bi mí bóyá ó tọ̀ lóru. Bó ṣe wá yíjú sí aláìsàn báyìí, ó di Òyìnbó: "Open your eyes! Squeeze my hand!" Ó dúró bí ẹni tó ń dúró de ṣéńjì lọ́wọ́ kọ́ńdọ́kítọ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó kọjá sí ibùsùn kejì. Ọkọ mi gbọ́ Òyìnbó díẹ̀, ti mẹkáníìkì: gáskẹ́ẹ̀tì, pọ́lọ́ọ̀gì, sípánà. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni sọ fún un rí pé kó "squeeze" nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni nọ́ńbà 8. Kẹ́hìndé ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí aláìsàn ṣe jí tó ni, Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1974, láti 3 dé 15. Ojú gba 4, ó pé. Ẹnu gba 1. Ara gba 3. Nínú máàkì ara yẹn, 6 ló ga jù, ìgbà tí aláìsàn bá ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe nìkan lẹ sì ń fún un. Ọ̀rọ̀ ni ìdánwò yẹn dá lé. Ẹ bi ènìyàn ní ìbéèrè lédè tí kò fi lálàá, kò dáhùn, ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nílé.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, dókítà pe àbúrò ọkọ mi sí kọ̀rọ̀. Àbúrò padà wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní kí ni wọ́n wí. Ó ní, "Wọ́n ní vegetable ni, Ìyàwó. Wọ́n ní ó ti di ẹ̀fọ́."

Ẹ̀yin dókítà, láti ọmọ ọdún 13 ni mo ti ń tà á. Mo mọ tẹ̀tẹ̀, mo mọ ṣọkọ, mo mọ yánrin, mo mọ èyí tí wọ́n já láàárọ̀ àti èyí tó sùn mọ́jú nínú àpò. Ọkọ mi kò jọ ìkankan nínú wọn. Ìyẹn ká tiẹ̀ ní ó jọ ọ́: bí oòrùn ọ̀sán bá pa ẹ̀fọ́ tó rọ jọ̀wọ̀lọ̀ sórí àtẹ, ta ló ń dà á nù? Omi la ń wọ́n sí i, a ó fi àpò tútù bò ó, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a tún tò ó síta.

Ní 1972 ni Bryan Jennett, tó ń ṣiṣẹ́ ní Glasgow, àti Fred Plum ti New York fún ipò yẹn ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní, "vegetative state". Kẹ́hìndé ní wọn ò ní ẹ̀fọ́ lọ́kàn, pé ohun tí wọ́n ń sọ ni ara tó ń dàgbà, tó ń mí, tó ń sùn, láìsí pé iyè ń bá a ṣiṣẹ́. Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tó fi máa rìn láti ẹnu wọn dé etí àbúrò ọkọ mi, ó ti di ẹ̀fọ́. Àwọn kan ní Yúróòpù, Steven Laureys àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, dá a lábàá ní 2010 pé kí wọ́n pa orúkọ náà tì, kí wọ́n kàn máa sọ pé ẹni náà lajú sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ìyẹn wọ̀ mí létí. Ohun tí ojú rí nìkan ló sọ, kò purọ́ mọ́ inú aláìsàn. Àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà sì kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 2018 pé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, kí dókítà má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ìrètí fún ẹnikẹ́ni nínú irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n sọ tiwa.

Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ìwádìí yìí jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ìyá bíi tèmi tó máa ka lẹ́tà yìí gbọ́ díẹ̀. Ní 2006, Adrian Owen àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 kan, tí mọ́tò ṣe léṣe, sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Oṣù márùn-ún ló ti wà nílẹ̀ láìdáhùn. Wọ́n ní kó máa rò ó lọ́kàn pé òun ń gbá tẹ́níìsì. Lẹ́yìn náà, kó rò ó pé òun ń rìn láti yàrá dé yàrá nínú ilé òun. Ibi tó ń ṣiṣẹ́ lọ́pọlọ àwa tí a jí kalẹ̀ bí a bá ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ṣiṣẹ́ lọ́pọlọ tirẹ̀. Ọmọ náà ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ! Ní 2010 wọ́n dán an wò lára ènìyàn 54, ó sì yọrí lára márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dáhùn ìbéèrè: tẹ́níìsì dúró fún "bẹ́ẹ̀ ni", ilé dúró fún "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ìbéèrè mẹ́fà, ó gba márùn-ún. Ẹ mọ ohun tó wà lára nǹkan tí wọ́n bi í? Orúkọ bàbá rẹ̀.

Ní 2024 ni èyí tó tóbi jù jáde, láti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Faransé. Ènìyàn 241 tí kò lè fi ara dáhùn, 60 nínú wọn fi ọpọlọ dáhùn. Ìdá kan nínú mẹ́rin! Nígbà tí Kẹ́hìndé ka èyí, mo ní kó tún un kà. Mo wá bi í pé èwo ni ti ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀. Kò sí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ńlá yẹn wọ́n, mi ò sì retí kí ẹ gbé e wá sí Òkè-Fìà lọ́la. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ni lórí bí ìdérí ìgò tó ní okùn, tó ń ka iná ọpọlọ, ti pẹ́ láyé, kò sì wọ́n tó o. Wọ́n lò ó fún ènìyàn 104 tí ọpọlọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa ní New York. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2019. Wọ́n fi nǹkan ìgbọ́ròyìn sí wọn létí, ohùn kan ń sọ pé kí wọ́n máa la ọwọ́ kí wọ́n máa pa á dé. Ọpọlọ àwọn 16 dáhùn nígbà tí ọwọ́ wọn kò mira. Nígbà tó pé ọdún kan, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn yẹn ló lè dá wà fún wákàtí mẹ́jọ láìsí olùrànlọ́wọ́. Láàárín àwọn tí kò dáhùn, ìdá 14 péré ni. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú nǹkan ìgbọ́ròyìn yẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ náà dé Òṣogbo, ohùn ta ni yóò wà níbẹ̀?

Ẹ má rò pé ó rọrùn láti fi Yorùbá sọ ọ́ o. Èmi àti Kẹ́hìndé dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kan, a rẹ́rìn-ín títí. "Fún mi lọ́wọ́": ṣé kó fún ọwọ́ rẹ bí ẹni ń fún aṣọ ni, àbí kó na nǹkan sí ọ lọ́wọ́? "Ẹ di ọwọ́ mi mú gírígírí" dára jù. Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Bí dókítà kékeré kan bá wí fún ọkọ mi pé "gbé ọwọ́ ẹ sókè," Bàbá Ìbejì tí mo mọ̀, ká ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá, kò ní dá a lóhùn. Tẹ́níìsì yẹn tún wá jẹ́ àwàdà. Ta ló gbá tẹ́níìsì rí lágboolé wa? Ẹ ní kó máa gún iyán lọ́kàn. Apá mọ odó.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni a gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn, torí owó. Níbẹ̀ la ti pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń na apá àti ẹsẹ̀ fún aláìsàn, fisió ni wọ́n ń pè é. Òun ló gbé ìwé ìdánwò kan wá, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá aláìsàn ṣì mọ nǹkan, apá mẹ́fà, máàkì 23 lápapọ̀. Ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ ọ́n ni pé kí wọ́n ṣe é tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dájọ́, nítorí aláìsàn lè wà níbẹ̀ láàárọ̀ kó má sí níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ìwọ̀n yìí kan náà ni wọ́n lò ní Bẹ́ljíọ̀mù tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2009: ènìyàn 44 tí àwọn dókítà ti fẹnu kò lé lórí pé wọn ò mọ nǹkan kan mọ́, wọ́n tún wọn yẹ̀ wò, 18 mọ nǹkan.

Dígí ló kọ́kọ́ mú jáde, dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà wa. Ó ní wọ́n ti rí i nínú ìwádìí pé ojú aláìsàn máa ń tẹ̀lé ojú ara rẹ̀ nínú dígí ju kó tẹ̀lé ohun mìíràn lọ. Ó gbé e síwájú Bàbá Ìbejì, ó rọra ń fà á lọ sápá ọ̀tún. Ojú náà tẹ̀lé e. Ó fà á bọ̀, ojú bá a bọ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ pariwo, mo fi ọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ó gbé kóòmù lé e lọ́wọ́, ó ní kó yarun. Ọwọ́ kò mira. Ó kọ òdo. Èmi wá sọ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orí yẹn ná." Orí ọkọ mi ti pá láti ọmọ ọdún 35. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló máa ń fi ọwọ́ mú jù lọ. Wàsíù ọmọṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sáré lọ sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó mú sípánà 13 wá, pẹ̀lú irin kan tí bóòtù àti nọ́ọ̀tì wà lára rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi gbá sípánà mú. Inú wa ti ń dùn, fisió ní ká mú sùúrù, pé ọmọ tuntun náà máa ń gbá ìka mú, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ó ní ká pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, ká máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin, òun á gbà.

Wàsíù fi ẹnu sípánà kọ́ nọ́ọ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi tú u." Kẹ́hìndé ń ka àáyá lójú fóònù. Ó ka méje, ọrùn ọwọ́ yí. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n apá òsì ló yí i sí, ibi tí nọ́ọ̀tì ń tú sí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó yí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò ṣe nǹkan kan, Wàsíù ń làágùn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó yí i débi tí sípánà fi yọ kúrò lórí nọ́ọ̀tì. Fisió kọ máàkì sílẹ̀. Wàsíù jáde síta lọ sunkún.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé sípánà ló jí ọkọ mi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lọ́jọ́ kọkàndínlógún, lóòótọ́, kò tíì sí níbẹ̀, pé iyè rẹ̀ padà dé láàárín. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ èwo ló jẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè tó yé e. Mi ò sì ní kí ẹ gba ti ẹbí gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwa náà ń tan ara wa jẹ. Gbogbo ìgbà tó bá yán, ìyá ọkọ mi á ní ó ń dáhùn àdúrà. Èmi gan-an, mo rí omi lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo ń bá a sọ̀rọ̀ owó iléèwé, mo ké gbàjarè. Nọ́ọ̀sì pa fáànù tó ń fẹ́ sí i lójú, omi dá. Ìfẹ́ máa ń mú kí ojú rí nǹkan tí kò sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ìwádìí, tí kì í ṣe ìlérí.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 2006 kan náà, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù fi orúkọ aláìsàn dán ọpọlọ rẹ̀ wò: wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n pe orúkọ àwọn ẹlòmíràn, ọpọlọ àwọn kan fìyàtọ̀ sí tiwọn, títí kan díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n ní wọn ò mọ nǹkan. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, orúkọ kan ni ènìyàn fi ń jí, òun ló fi ń sùn. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Èwo ni ẹ máa kọ́kọ́ dán wò, Àkànbí ni, Mùkáílà ni, Ọ̀gá ni, Bàbá Ìbejì ni? Ṣé oríkì tí ìyá fi ń wẹ̀ ẹ́ ló wọlé jinlẹ̀ jù? Obìnrin tó ti di Ìyá Báyìí láti 40 ọdún, ṣé orúkọ àbísọ rẹ̀ ṣì ń ta á jí? Kò sẹ́ni tó lè wádìí ìyẹn bí kò ṣe ẹ̀yin. Òyìnbó kò tiẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè wà níbẹ̀.

Ẹ sì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1992, Benjamin Osuntokun, dókítà ọpọlọ bíi tiyín, àtàwọn ará Ìbàdàn bá àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀, wọ́n ń wá àrùn arúgbó tó ń jẹ iyè. Wọ́n lọ sí Ìdíkàn láàárín ìgboro, wọ́n sọ ìbéèrè wọn di Yorùbá kí wọ́n tó bi àwọn ìyá àgbà. Ní 2001 èsì jáde: lọ́dún kan, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú tiwa, ó jẹ́ 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ká ní Òyìnbó ni wọ́n fi bi àwọn ìyá àgbà Ìdíkàn léèrè, gbogbo wọn ni à bá kọ sílẹ̀ pé iyè wọn ti ra.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò wọ́n. Ẹ jókòó, ẹ fi Yorùbá kọ àṣẹ tí ẹ ó máa pa fún aláìsàn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tí kò ní ọ̀nà méjì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ti ń yẹ oògùn wò. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ níṣẹ́. Ẹ wá àyè kan sójú fáìlì, kí ẹ bi ẹbí ohun tí wọ́n ń pè é nílé àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ ra dígí. Bí ẹ bá nílò ohùn tí ẹ ó gbà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, àwa obìnrin Ọjà Ọba ní ohùn, a sì lè lọ́gun. Wàsíù náà ní òun á wá.

Ó ti wà nílé báyìí. Kò lè padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò pọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tẹ̀lé e dáadáa. Lánàá, mo ní kí Kẹ́hìndé ka lẹ́tà yìí sí i létí kí a tó fi ránṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ó dákẹ́ lórí Glasgow, ó dákẹ́ lórí Cambridge. Nígbà tí a dé ibi kóòmù, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi pa orí rẹ̀ pípá, ó rẹ́rìn-ín.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Ọjà Ọba, Òṣogbo.